Ta ló lè pe àpérò láti tún ìwé òfin Nàìjíríà ṣe? Ibi tí ohùn Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré wà

Ní ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé ìwé kan lọ́nà ní agbègbè Emùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ilé ìwé márùn-ún pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwé náà wọ inú igbó lọ. Ọjọ́ kan náà yìí ni àwọn agbébọn pa ọba alayé méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì, ní agbègbè Ìkọ̀lé. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni àwọn òbí fi wà nínú ìrora kí wọ́n tó tún fojú kan àwọn ọmọ wọn. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ló máa ń mú kí àwọn èèyàn béèrè pé kí ló dé tí ìpínlẹ̀ kò lè ní ọlọ́pàá tirẹ̀, tí yóò mọ igbó Ìsẹ̀ àti ti Emùré bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè náà kò sí lọ́wọ́ gómìnà, kò sì sí lọ́wọ́ ọba. Inú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló wà. Abala 214 ìwé òfin náà sọ pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà fún gbogbo Nàìjíríà, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá òmíràn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi gba ọ̀nà mìíràn nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020. Ẹ̀ṣọ́ aláàbò ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní ọlọ́pàá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, àfi kí ó wá ọ̀nà tí wọn yóò fi tún ìwé òfin ṣe.

Ta wá ló lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe náà? Ṣé àwọn ìpínlẹ̀ lè kó ara wọn jọ, kí wọ́n sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n sì pe àpérò gbogbogbòò tí yóò yẹ ìwé òfin wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn ìpínlẹ̀ kò ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí ohùn wọn wà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, òun sì ni àlàyé yìí dá lé lórí.

Bí ti Amẹ́ríkà ṣe rí

Ọ̀rọ̀ pé kí àwọn ìpínlẹ̀ pe àpérò kì í ṣe àlá lásán. Ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn aṣojú kọ ní ìlú Philadelphia ní ọdún 1787. Abala karùn-ún ìwé òfin náà la ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dá àtúnṣe lábàá. Èkíní ni pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, fọwọ́ sí àbá náà pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé méjèèjì. Èkejì ni pé kí àwọn ilé aṣòfin ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ kọ̀wé béèrè fún àpérò. Ìpínlẹ̀ 50 ni wọ́n ní, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 34. Bí ìwé ìpínlẹ̀ 34 bá ti pé, òfin sọ pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ pe àpérò náà. Ọ̀nà yòówù kí àbá gbà wá, kò lè di òfin àfi bí ìpínlẹ̀ 38, èyí tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, bá tẹ́wọ́ gbà á.

Kí ló mú wọn ṣí ilẹ̀kùn kejì yìí? Ohun tó ń kọ àwọn kan nínú àwọn tó kọ òfin náà lóminú ni pé, bí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ bá di ohun tó ń ni àwọn èèyàn lára, kò ní fẹ́ dá àbá tí yóò gé agbára ara rẹ̀ kúrú. Wọ́n ní kí àwọn ìpínlẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn lọ́wọ́.

Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì gba ilẹ̀kùn kejì yẹn wọlé. Àtúnṣe 27 ló ti wọ inú ìwé òfin Amẹ́ríkà, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló sì dá gbogbo wọn lábàá. Síbẹ̀, wíwà tí ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ìpínlẹ̀ ń kọ̀wé lé ìwé pé kí ará ìlú máa dìbò yan sẹ́nétọ̀ fúnra wọn, dípò kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ máa yàn wọ́n. Nígbà tí ìwé náà ń sún mọ́ iye tó yẹ, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dá àbá náà fúnra rẹ̀, ó sì di òfin ní ọdún 1913. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1983, ìpínlẹ̀ 32 ló ti béèrè fún àpérò lórí bí ìjọba kò ṣe ní máa ná ju ohun tó ń wọlé fún un lọ. Ìpínlẹ̀ méjì péré ló kù kí ó pé.

Ní ilẹ̀ adúláwọ̀ náà, ìwé òfin Etiópíà ti ọdún 1995 gbà pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ bá fọwọ́ sí àbá àtúnṣe kan, àbá náà ti di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé síwájú gbogbo orílẹ̀-èdè fún ìjíròrò. Kò di dandan kí ó ti olú-ìlú bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí abala kẹsàn-án wí

Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló fi àṣẹ ìjọba ológun kẹrìnlélógún gbé ìwé òfin wa kalẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ọdún 1999, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ará ìlú ló jókòó ṣe é fún ara wọn, bẹ́ẹ̀ kò sí ìbò kankan tí ará ìlú dì lórí rẹ̀. Ẹ̀sùn tí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re àti ọ̀pọ̀ àgbà ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi kan ìwé òfin náà láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí.

Abala kẹsàn-án ló sọ bí àtúnṣe ṣe gbọ́dọ̀ lọ. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá nìkan ni òfin mọ̀ pé ó lè gbé àbá kalẹ̀. Àbá náà gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, àti aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360. Gbogbo ọmọ ilé ni òfin ń kà, kì í ṣe kìkì àwọn tó wá sí ìjókòó lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò wá, bí ẹni tó kọ̀ ló rí. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi àbá náà ránṣẹ́ sí àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 36, ó kéré tán ìpínlẹ̀ 24 sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Àwọn apá kan wà tí òfin tún fi okùn tó yi ju ti ìyókù lọ dè. Èkíní ni abala kẹjọ, tó dá lórí dídá ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀. Èkejì ni abala kẹsàn-án fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni orí kẹrin, tó dá lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Fún àwọn mẹ́ta yìí, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni wọ́n ń béèrè ní Àbújá, ìyẹn sẹ́nétọ̀ 88 àti aṣojú-ṣòfin 288, kí ó tó kan ìpínlẹ̀ 24. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ní agbára láti pe àpérò bíi ti Amẹ́ríkà, abala kẹsàn-án gan-an ni yóò tún ṣe, àwọn sẹ́nétọ̀ 88 náà ni yóò sì kọ́kọ́ bẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn nínú agbára wọn.

Ìbuwọ́lùwé ààrẹ náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin ṣe àtúnṣe àkọ́kọ́ ní ọdún 2010, wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ààrẹ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 10, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2011. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé òmíràn wá ní ọdún 2015, ó kọ̀ ọ́ ní oṣù kẹrin ọdún náà, àtúnṣe ọ̀hún kò sì di òfin nígbà náà.

Àwọn àpérò tí wọ́n ti ṣe rí

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí láti ìsàlẹ̀. Ní ọdún 1949, nígbà tí John Macpherson jẹ́ gómìnà, wọ́n ṣe ìjíròrò lórí ìwé òfin tuntun láti abúlé dé àgbègbè, láti àgbègbè dé ẹkùn ńlá, títí tí àwọn aṣojú gbogbo Nàìjíríà fi pàdé ní Ìbàdàn ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1950. Abẹ́ ẹkùn Oǹdó ni Èkìtì wà lásìkò náà. Ìwé òfin tó jáde níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951.

Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1999, àpérò ńlá méjì ni ìjọba àpapọ̀ pè. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pe ti ọdún 2005, Adájọ́ Niki Tobi ló sì ṣe alága rẹ̀. Nígbà tí àbá àtúnṣe ìwé òfin dé iwájú àwọn sẹ́nétọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ sáà kẹta fún ààrẹ ti wọ inú rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì da gbogbo rẹ̀ nù ní oṣù karùn-ún, ọdún 2006. Ohun tó dára àti ohun tí kò dára ló jọ bá omi lọ.

Ààrẹ Jonathan ló pe ti ọdún 2014. Aṣojú 492 ló jókòó ní Àbújá láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹjọ, Adájọ́ Idris Kutigi ni alága, wọ́n sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tó lé ní 600. Ìwé ńlá ni wọ́n gbé fún ààrẹ. Kí ló dé tí ìpinnu wọn kò fi di òfin? Nítorí pé abala kẹsàn-án kò mọ àpérò rárá ni. Ohun tí àpérò bá sọ, ìmọ̀ràn ni. Bí ilé aṣòfin àpapọ̀ kò bá gbé e kalẹ̀ bí àbá, tí ìpínlẹ̀ 24 kò sì fọwọ́ sí i, orí pẹpẹ ni yóò máa gbé.

Kọ́kọ́rọ́ ìkẹyìn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ìpínlẹ̀ kò ṣe lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láìsí Àbújá, bẹ́ẹ̀ náà ni Àbújá kò lè parí rẹ̀ láìsí àwọn ìpínlẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ìpínlẹ̀ kékeré kò kéré mọ́. Ní ilé aṣojú-ṣòfin, Kánò ní ọmọ ilé 24, Èkìtì ní mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àtúnṣe ìwé òfin bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀, ohùn kan ni Kánò ní, ohùn kan ni Èko ní, ohùn kan náà ni Èkìtì ní.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Nínú ìpínlẹ̀ 36, 24 ló gbọ́dọ̀ gbà. Bí ìpínlẹ̀ 13 bá kọ̀, àbá ti kú. Ó bọ́ sí i pé ìpínlẹ̀ 13 kan náà ló lè dí àtúnṣe lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 50 ni tiwọn. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá kò lè dá dí i, wọn kò sì lè dá mú un kọjá. Kódà bí gbogbo ìpínlẹ̀ 17 tó wà ní gúúsù Nàìjíríà bá fi ohùn ṣọ̀kan, méje láti àríwá ni wọ́n ṣì nílò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àtúnṣe karùn-ún fi bí kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe lágbára tó hàn. Ní ọdún 2022, ilé aṣòfin àpapọ̀ fi àbá 44 ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. Àbá 35 ló rí ìpínlẹ̀ 24 tó yẹ. Nínú àwọn tí kò rí i ni àbá tí yóò jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gba owó wọn fúnra wọn, kí ó má máa gba inú àpò tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń lò. Àbújá ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló kú sí. Ilé ẹjọ́ ni ìjọba àpapọ̀ padà gbà lọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dájọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024 pé kí wọ́n máa san owó náà tààrà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀.

Nínú àbá 35 tó kọjá, 16 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta, ọdún 2023. Ọ̀kan nínú wọn gba ìpínlẹ̀ láàyè láti pèsè iná mànàmáná, kí ó sì pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún Èkìtì. Ní ọdún 2024, àjọ tó ń mójú tó iná ní Àbújá gbé àbójútó ọjà iná ní ìpínlẹ̀ náà lé ìjọba Èkìtì lọ́wọ́. Oníbàárà tó bá ní ẹjọ́ lórí owó iná ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìlawẹ̀, àtúnṣe ìwé òfin ló sọ ibi tí yóò gbé ẹjọ́ náà lọ di Adó-Èkìtì.

Ìṣirò ti Adó-Èkìtì

Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọmọ 26. Ìkẹ́rẹ́ ní méjì, Ìsẹ̀ àti Ọ̀rún ní ẹnì kan, Emùré ní ẹnì kan. Bí a bá fi méjì ti Èkìtì Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn kún un, pẹ̀lú méjì ti Èkìtì Ìlà-Oòrùn àti ẹnì kan ti Gbọ́nyìn, aṣòfin mẹ́sàn-án ló ń ṣojú gbogbo ẹkùn gúúsù Èkìtì.

Nọ́ńbà mẹ́sàn-án yìí ní ìtumọ̀. Ìwé òfin sọ pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé bá ti jókòó, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta 26 kò tó mẹ́sàn-án tán, nítorí náà mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ wà níkàlẹ̀. Ohun tí àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dìbò níjọ́ náà bá sì sọ ni ilé sọ. Àbájáde rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ tí aṣòfin mẹ́sàn-án péré bá jókòó, ohùn márùn-ún ti tó láti sọ pé Èkìtì gbà tàbí Èkìtì kọ̀. Bí gbogbo ilé bá pé, ohùn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò gba ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ń lọ ní Àbújá. Níbẹ̀, ẹni tí kò wá sí ìjókòó ṣì wà nínú ìṣirò. Ní Adó-Èkìtì, ẹni tí kò wá ti jáde kúrò nínú ìṣirò, ẹni tó wá ni yóò bá a sọ tirẹ̀. Èyí ló mú kí ọjọ́ tí wọn yóò dìbò lórí àtúnṣe ìwé òfin jẹ́ ọjọ́ tó yẹ kí ará Ìkẹ́rẹ́ mọ̀, kí ó sì béèrè bóyá ẹni tó rán lọ wà níkàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbogbo ojú máa ń wà lára Àbújá, tí ìbò ti àwọn ìpínlẹ̀ yóò sì kọjá láìsí ẹni tó fura.

Ní ti Àbújá fúnra rẹ̀, sẹ́nétọ̀ kan ló ń ṣojú gbogbo gúúsù Èkìtì. Ṣùgbọ́n aṣojú-ṣòfin méjì ló wà. Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rún àti Èkìtì Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹnì kan. Emùré wà pẹ̀lú Gbọ́nyìn àti Èkìtì Ìlà-Oòrùn lábẹ́ ẹnì kejì. Ẹni tó bá ń gbé Emùré, tó sì gbé ìwé rẹ̀ lọ fún aṣojú Ìkẹ́rẹ́, kò gbé e dé ibi tó yẹ.

Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé òfin jìnnà sí ọjà Ìsẹ̀ àti oko kòkó Emùré. Kò jìnnà rárá. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo ní Nàìjíríà ló wà nínú àkọsílẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé òfin náà, mẹ́rìndínlógún ti Èkìtì wà lára wọn. Ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ kò ti ọwọ́ ìbò wá. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha ló yọ ọ́ lára ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1996. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira, ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1963 nìkan ni wọ́n fi ìbò ará ìlú dá sílẹ̀. Àṣẹ ológun ni wọ́n fi dá àwọn yòókù.

Lónìí, ìlú tó bá fẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà abala kẹjọ. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ àti àwọn káńsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú agbègbè náà gbọ́dọ̀ béèrè fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará agbègbè náà yóò dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ yóò fọwọ́ sí èsì ìbò náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò sì fi àṣẹ sí i. Àbújá ni yóò wá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Wọ́n ní 20 nínú ìwé òfin, wọ́n sì sọ ọ́ di 57. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé Èkó kò rú òfin ní dídá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀. Èkó sọ 37 tó lé náà di agbègbè ìdàgbàsókè. Irú agbègbè ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ ni Èkìtì náà padà dá sílẹ̀. Wọ́n lè ní ọ́fíìsì àti alága, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ tí Àbújá fi ń pín owó.

Yíyí orúkọ lásán padà pàápàá, iṣẹ́ àtúnṣe ìwé òfin ni. Àwọn ará Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti ń pe ara wọn ní Yewa fún ọdún gbọọrọ, síbẹ̀ Egbado Àríwá àti Egbado Gúúsù ló wà nínú ìwé òfin títí di oṣù kẹta, ọdún 2023, nígbà tí àtúnṣe karùn-ún yí i padà. Ní gúúsù Èkìtì níbí, ìjọba ìbílẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Gbọ́nyìn, Aiyekire ni ìwé òfin 1999 kọ ọ́.

Ohun tí ará ìlú lè ṣe

Ìwé òfin kò fún ará Ìkẹ́rẹ́ ní àǹfààní láti kọ̀wé pe àpérò, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìwé àbá. Ìgbà yòówù tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe, wọ́n máa ń ké sí ará ìlú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn ọba àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ pé kí wọ́n kọ èrò wọn ránṣẹ́. Ìwé tó dára kì í ṣe èyí tó gùn. Èyí tó dárúkọ abala tó fẹ́ kí wọ́n yí padà, tó sì kọ ọ̀rọ̀ tuntun tó fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, ni ìgbìmọ̀ lè fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ìjókòó tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú. Ní ọdún 2021, Àkúrẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí àwọn sẹ́nétọ̀ ti ṣe é. Ìlú tó wà lẹ́bàá Ìkẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò owó ọkọ̀ Àbújá. Ààfin Ògògà, ti Arínjálẹ̀ àti ti Elémùré lè jọ rán ẹnì kan ṣoṣo lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà yóò sì wúwo ju kí olúkúlùkù dá tirẹ̀ gbé lọ.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí wọ́n ń lò jù kéré, òun ló sì sún mọ́ wọn jù. Ó jẹ́ pé kí wọ́n mọ èrò àwọn aṣòfin mẹ́sàn-án náà kí àbá tó dé Adó-Èkìtì. Ní oṣù kejì, ọdún 2024, àbá lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kọjá kíkà kejì ní ilé aṣojú-ṣòfin. Ibi yòówù kí irú àbá bẹ́ẹ̀ bá Àbújá dé, kò lè di òfin láìgba ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ kọjá. Àwọn tó gbà pé ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yóò dáàbò bo àwọn ọmọ wọn wà, àwọn tó ń bẹ̀rù pé gómìnà lè fi í lé alátakò rẹ̀ kiri náà wà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ láti bá aṣòfin wọn sọ.

Aṣòfin ìpínlẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ṣòro láti rí. Ó ní ìdílé ní ìlú, ó máa ń wá síbi ìnáwó, ó sì máa ń padà wá tọrọ ìbò lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin. Ìbéèrè tí àwọn tó bá lọ kí i lè bi í kò ju mẹ́ta lọ: abala wo nínú ìwé òfin ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, kí ni èrò rẹ̀ lórí rẹ̀, ṣé yóò sì wà níkàlẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé aṣòfin Èkìtì bá dìbò?